Òṣùwọ̀n Tí Kò Yẹ Kí Ènìyàn Rú: Omi Ìdọ̀tí, Àbàtà àti Àgbọ̀nrín Inú Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmà, tí Ó sì ń fi jí ilẹ̀ tó ti gbẹ dìde. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo àwọn tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Ẹni tó bá ṣí ìwé fíkíhì, kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ ìrun, ọ̀rọ̀ omi ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Níbẹ̀ ni àwọn onímímọ̀ ti ṣàlàyé omi tó mọ́ tó sì ń fọ nǹkan mọ́, omi tó mọ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá, àti omi tí ẹ̀gbin ti bà jẹ́. Nítorí náà, Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí: Ǹjẹ́ omi tó wà nínú kẹ́tùlù yìí mọ́? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: Omi tí a ti lò tán, níbo ló ń gbà lọ? Omi àlùwàlá, omi ìfọṣọ, omi ilé ìdáná àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ni wọ́n ń lọ bá lálejò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò lójú ẹni tó dà wọ́n nù?

Ìdáhùn ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí. Yóò gba ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Yóò dé ọ̀dọ̀ àgbọ̀nrín kan tó ń gbé lórí omi ní ilẹ̀ Íńdíà, yóò dé ìlú kékeré kan létí òkun ní Amẹ́ríkà, yóò kọjá ní aṣálẹ̀ Oman, kí ó tó padà wá sí ẹ̀yìnkùlé oníkálukú.

ÀGBỌ̀NRÍN TÓ Ń RÌN LÓRÍ OMI

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ẹranko méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Àgbọ̀nrín tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, tó ní ilà àti àmì funfun lára, ìwo rẹ̀ kì í bọ́. Bí ó bá ti hù, ó hù náà nìyẹn títí ọjọ́ ikú ẹran náà. Èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀. Ìwo akọ rẹ̀ máa ń ya bí ẹ̀ka igi. Egungun gan-an ni, ọdọọdún ló sì ń bọ́ tí òmíràn ń hù dípò rẹ̀. Irú ẹranko yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní ibikíbi ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní gbogbo Áfíríkà, apá àríwá nìkan, ní Tùnísíà àti Àlùjéríà, ni ẹ̀yà kan rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nítorí pé àgbọ̀nrín náà ni àwọn Yorùbá ń pè é, orúkọ yẹn ni a ó máa lò.

Ní ìpínlẹ̀ Manipur, ní àríwá-ìlà-oòrùn Íńdíà, níbi tó ti bá ilẹ̀ Burma pààlà, adágún kan wà tó ń jẹ́ Loktak. Ohun ìyanu tó wà lórí adágún yìí ni èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní phumdi. Koríko, gbòǹgbò, ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀ ló wé mọ́ ara wọn, tí wọ́n sì léfòó lórí omi bí ẹní ńlá. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló yọ sókè, ìdá mẹ́rin yòókù wà lábẹ́ omi. Níbòmíràn, ó lè nípọn tó mítà 2. Ní ìhà gúúsù adágún náà, ẹní yìí fẹ̀ débi pé ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ ẹranko ní ọdún 1977. Keibul Lamjao ni orúkọ ọgbà náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 40 kìlómítà níbùú-lóòró. Kò sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ mìíràn lágbàáyé tó léfòó lójú omi.

Lórí ẹní yìí ni àgbọ̀nrín tí wọ́n ń pè ní sangai ń gbé. Ìwo akọ rẹ̀ tẹ̀ láti iwájú orí lọ sí ẹ̀yìn bí ọrun ọdẹ. Bí ó bá ń rìn nínú àbàtà, kì í fi ṣóńṣó pátákò nìkan tẹlẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀yìn ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò nírun tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, kí ìwúwo ara rẹ̀ má baà kó sójú kan. Ìrìn yìí ló fi dà bí ẹni tó ń jó, tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ní àgbọ̀nrín oníjó. Ọ̀mùnú esùsú àti ti àwọn koríko àbàtà mìíràn ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń jẹ àpọ̀jẹ bí màlúù. Abo rẹ̀ ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà ń bí. Ẹ fi ojú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹranko tó ń bí ọmọ kọ̀ọ̀kan kì í tètè padà bọ̀ sípò nígbà tí ìparun bá ti kàn án.

Ìparun sì kàn án lóòótọ́. Wọ́n dọdẹ rẹ̀, wọ́n sì sọ ibùgbé rẹ̀ di oko. Nígbà tó fi di ọdún 1951, wọ́n ti gbà pé kò sí ọ̀kan mọ́ láyé. Ọdún 1953 ni ọ̀gbẹ́ni E. P. Gee tún rí díẹ̀ tó fara pamọ́ sínú àbàtà Keibul Lamjao. Ní ọdún 1975, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kà wọ́n láti òkè: mẹ́rìnlá péré ni. Gbogbo ìran sangai tó kù nínú igbó kò tó iye àwọn tó máa ń tò sí sáfù kan ní mọ́sáláṣí àdúgbò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti fi òfin ṣọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní ọdún 2016, iye wọn ti di 260.

OHUN TÓ Ń JẸ ẸNÍ NÁÀ RUN

Ẹni tó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí sí dáadáa. Kò tíì parí. Ìbọn ọdẹ ti dákẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹranko náà ń tẹ̀ ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Báyìí ni Ọlọ́hun ṣe ṣètò ẹní náà. Nígbà òjò, omi adágún a kún, ẹní a sì léfòó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà, ẹní a rọra sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún. Nígbà náà ni gbòǹgbò àwọn koríko náà yóò wọ inú ilẹ̀, tí wọn yóò fa oúnjẹ tí wọn yóò fi gbé ọdún mìíràn. Ó dà bí aláàwẹ̀ tó mọ̀ pé wákàtí ìṣínu ń bọ̀. Nígbà tí òjò bá tún dé, ẹní tó ti jẹun yó a tún gbéra nílẹ̀.

Ní ọdún 1983, wọ́n parí dáàmù kan tí wọ́n ń pè ní Ithai, kí omi Loktak lè máa yí ẹ̀rọ iná mànàmáná, kí omi sì wà fún oko. Agbára iná náà jẹ́ 105 mẹ́gáwáàtì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn iná mànàmáná. Ará ilé ìwòsàn mọ iyì rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ má baà dúró, wọ́n ní láti jẹ́ kí omi adágún wà lókè látòjò-dẹ́ẹ̀rùn. Ẹní kò rí ilẹ̀ gún mọ́. Aláàwẹ̀ ń gbààwẹ̀, òòrùn kò wọ̀. Ọdún dé, ọdún lọ, ẹní náà ń fẹ́lẹ́ sí i, títí ó fi di pé ní àwọn ibì kan kò lè gba ìwúwo àgbọ̀nrín mọ́, tí ẹsẹ̀ ẹranko náà ń là á kọjá sínú omi.

Ewu kejì gba ọ̀nà mìíràn wá. Odò kan wà tó ń jẹ́ Nambul. Àárín ìlú Imphal, olú-ìlú Manipur, ni ó gbà kọjá kí ó tó wọ Loktak. Gọ́tà ìlú, pàǹtí ọjà àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń bá a wọ adágún. Ẹ̀gbin ènìyàn sì kún fún náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àwọn èròjà kan náà tó wà nínú ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń rà. Nígbà tí ajílẹ̀ bá bọ́ sínú adágún, koríko orí omi a rú jáde ní ìrúkúrùú, omi ìsàlẹ̀ a ṣókùnkùn, atẹ́gùn inú omi a tán, ẹja a máa kú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé nínú adágún kan ṣoṣo, ebi ń pa koríko níhà ibùgbé àgbọ̀nrín, àjẹjù sì ń da koríko láàmú níhà ibi tí odò ìlú ń já sí. Ní ọdún 1993, wọ́n kọ orúkọ Loktak sínú àkọsílẹ̀ àgbáyé fún àwọn àbàtà tí ìṣẹ̀dá wọn ti ń yí padà sí búburú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹni tó da ẹ̀gbin sí gọ́tà ní Imphal kò mọ àgbọ̀nrín kankan. Kò gbé ìbọn. Kò sì ní in lọ́kàn láti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Síbẹ̀, òkò tó sọ ti bà.

BÍ ÀBÀTÀ ṢE Ń FỌ OMI

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka àbàtà sí ilẹ̀ tí kò wúlò. Bí wọ́n bá rí i, èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n da yanrìn dí i, kí wọ́n kọ́lé lé e, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di ààtàn. Àìmọ̀kan ló ń sọ̀rọ̀. Alágbàfọ̀ ni àbàtà jẹ́ fún ilẹ̀, kò sì gba owó iṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà mélòó kan. Àkọ́kọ́, nígbà tí omi ẹlẹ́gbin bá wọ àárín esùsú, eré rẹ̀ a dínkù. Ohun tó wúwo nínú rẹ̀ a sì rọ̀ sísàlẹ̀. Èkejì, igi esùsú kọ̀ọ̀kan tó wà nínú omi ní awọ yíyọ̀ lára, bíi ti òkúta inú odò. Inú awọ yẹn ni àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ń gbé ní ẹgbàágbèje. Ẹ̀gbin inú omi ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀kẹta, esùsú àti àwọn koríko bíi tirẹ̀ ní ihò nínú, wọ́n sì ń gba inú rẹ̀ fa atẹ́gùn láti òkè lọ sí gbòǹgbò. Nítorí náà, nínú ẹrọ̀fọ̀ tí kò ní atẹ́gùn, ẹ̀bá gbòǹgbò nìkan ni atẹ́gùn wà. Àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tó fẹ́ atẹ́gùn a máa gbé lẹ́bàá gbòǹgbò, àwọn tó kórìíra rẹ̀ a máa gbé níwájú díẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́ a yí èròjà náítírójìn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ padà, àwọn ti ẹ̀yìn a gbà á lọ́wọ́ wọn, wọn a sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ lásán tí yóò padà sí ojú òfuurufú tí ó ti wá. Ẹ̀kẹrin, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì a lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ ìsàlẹ̀, koríko náà a sì fa díẹ̀ nínú rẹ̀ fi dàgbà. Ẹ̀karùn-ún, kòkòrò àrùn tí kò rí inú ènìyàn gbé mọ́ a máa kú díẹ̀díẹ̀ nípa oòrùn, ìdúró pẹ́ àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tó ń jẹ ẹ́.

Ta ni ó kọ́ àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí wọ́n pín fún ara wọn báyìí, tí ẹnì kan kò fi wọ oko ẹnì kejì? Nínú Súrà Ar-Rahmán, lẹ́yìn tí Ọlọ́hun mẹ́nu ba sánmà tí Ó gbé ga, òṣùwọ̀n ni Ó mẹ́nu bà tẹ̀ lé e. Àwọn onímímọ̀ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe òṣùwọ̀n ọjà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

ÀBÀTÀ ÀTỌWỌ́DÁ

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Jámánì, Käthe Seidel, ti ń ṣe àyẹ̀wò bí koríko odò ṣe ń fọ omi ẹlẹ́gbin mọ́. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé sìmẹ́ńtì, irin àti kẹ́míkà nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn tó tẹ̀ lé e ni àbàtà àtọwọ́dá ti jáde: kòtò tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́, tí ó tẹ́ amọ̀ tàbí ọ̀rá nípọn sísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà jò wọ ilẹ̀, tí ó da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí erùpẹ̀ sí, tí ó sì gbin esùsú sórí rẹ̀.

Ìtàn ìlú Arcata ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, yẹ ní gbígbọ́ fún gbogbo ọ̀dọ́. Ìlú kékeré ni. Ní àwọn ọdún 1970, òfin tuntun jáde pé ìlú kankan kò gbọdọ̀ da omi ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ọ̀sà mọ́ àfi bí ó bá lè fi hàn pé omi náà ń ṣe ọ̀sà ní àǹfààní. Àwọn aláṣẹ agbègbè náà fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí yóò gba omi ìdọ̀tí gbogbo ìlú àyíká. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Àwọn ará Arcata wo àpò wọn, wọ́n wo owó yìí, ẹnu yà wọ́n.

Olùkọ́ méjì ní yunifásítì ìlú náà, George Allen àti Robert Gearheart, mú ìmọ̀ràn mìíràn wá. Ẹ̀bá ọ̀sà náà ni ààtàn àtijọ́ kan wà, pẹ̀lú àwọn adágún tí àwọn agégẹdú ti kó gẹdú sí rí kí wọ́n tó pa á tì. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí wọ́n sọ ibẹ̀ di àbàtà. Ìjọba kò tètè gbà. Láti ọdún 1979 títí di 1982, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbẹ́ àwọn kòtò kéékèèké, wọ́n ń gbin koríko oríṣiríṣi sí wọn, wọ́n ń wọn omi tó wọlé àti omi tó jáde, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ títí ẹ̀rí fi pé. Ní ọdún 1986, àbàtà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún. Lónìí, omi ìdọ̀tí Arcata a kọ́kọ́ já sí ibi tí ohun tó le inú rẹ̀ yóò ti rọ̀ sílẹ̀, a gba inú àwọn adágún gbalasa kọjá, a wọ àárín koríko, wọn a sì pa kòkòrò àrùn tó bá kù nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀sà. Ibi tó ti jẹ́ ààtàn ti di ibi ìgbafẹ́, irú ẹyẹ tí wọ́n ti kà níbẹ̀ sì lé ní 250. Àwọn arìnrìn-àjò ń wá láti ọ̀nà jíjìn wo ibi tí ìlú kan ń da omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ariwo ló borí níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fi sùúrù wọn omi fún ọdún mẹ́ta ló mú ẹ̀rí wá.

OMAN ÀTI ÌDÁJỌ́ ÀWỌN ONÍMÍMỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí. Ní aṣálẹ̀ Oman, ní Nimr, ọ̀kan nínú àwọn àbàtà àtọwọ́dá tó tóbi jù lágbàáyé ti ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010. Omi tó ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 100 lítà lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń tì í padà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ń jẹ iná púpọ̀. Ní báyìí, wọ́n ń kọ́kọ́ gba epo tó ṣẹ́kù lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni omi ń bá lọ fúnra rẹ̀ láàárín esùsú. Àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò tó ń la aṣálẹ̀ kọjá ti sọ ibẹ̀ di ibi ìsinmi.

Ìbéèrè ẹ̀sìn ń bẹ níhìn-ín: omi tó ti bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ pàdé, ǹjẹ́ ó lè padà di mímọ́? Àwọn onímímọ̀ ti jókòó lé e. Ní ọdún 1978, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímímọ̀ ilẹ̀ Saudi Arabia gba àlàyé lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kí wọ́n tó dájọ́. Wọ́n wò ó pé láti ayébáyé ni àwọn onífíkíhì ti sọ pé omi púpọ̀ tí ẹ̀gbin ti yí padà lè mọ́ bí ìyípadà náà bá kúrò, ìbáà jẹ́ nípa omi tó pọ̀ tí a dà sí i, tàbí nípa ìdúró pẹ́, oòrùn àti afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fọ omi náà títí àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn ẹ̀gbin kò fi sí nínú rẹ̀ mọ́ rárá, ó ti di mímọ́, ó sì ṣeé fi ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé níbi tí omi mìíràn bá wà, ó sàn kí wọ́n má mu ún, nítorí ìlera àti nítorí pé ọkàn ènìyàn kórìíra rẹ̀. Ní ọdún 1989, ìgbìmọ̀ fíkíhì ti Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí Àgbáyé ní Mẹ́kà náà sọ̀rọ̀ tó jọ èyí.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìdájọ́ yìí. Wọn kò wo orúkọ omi, wọ́n wo ipò rẹ̀. Wọn kò sì sọ ìmọ́tótó ẹ̀sìn di ìdí láti kọ etí dídi sí ìmọ́tótó ìlera.

ÀṢEJÙ NI BABA ÀṢETẸ́

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé àbàtà kì í rẹ̀. Bí a bá da ẹ̀gbin tó ju agbára rẹ̀ lọ sínú rẹ̀, ó ń kú. Bí ilé-iṣẹ́ bá da májèlé irin bíi òjé sínú rẹ̀, kò sí ẹ̀dá tín-tìn-tín tó lè jẹ ẹ́ tán. Inú ẹrọ̀fọ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò máa dúró de ẹni tí yóò ṣe ní jàm̀bá. Àbàtà àtọwọ́dá ń fẹ́ ilẹ̀, ó ń fẹ́ àbójútó. Bí omi bá dúró gbalasa níbẹ̀ láìsí ẹja, ẹ̀fọn yóò pamọ. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ fi ń jẹ́ kí omi máa gba abẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kí ojú rẹ̀ má hàn sóde.

Àgbọ̀nrín náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí àṣejù. Ní erékùṣù St. Matthew, ní òkun Bering lẹ́bàá Alaska, àwọn ológun Amẹ́ríkà kó àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín 29 lọ síbẹ̀ ní ọdún 1944, kí ó lè jẹ́ oúnjẹ bí ọkọ̀ kò bá dé. Ogun parí, àwọn ológun lọ, wọ́n fi ẹran sílẹ̀. Kò sí ìkookò níbẹ̀. Koríko òkúta tí wọ́n ń jẹ nígbà òtútù pọ̀ lọ jántìrẹrẹ. Ní ọdún 1963, wọ́n ti di 6,000. Ẹni tó bá rí wọn ní ọdún yẹn yóò sọ pé ìbùkún nìyí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ koríko náà débi gbòǹgbò, koríko náà kì í sì tètè hù. Òtútù líle kan dé láàárín 1963 sí 1964. Nígbà tí wọ́n padà lọ kà wọ́n ní ọdún 1966, méjìlélógójì ló kù. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn run.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn ẹranko igbó, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe iye wọn nìkan ni òun yóò máa kà. Sangai 14 kéré jù; àgbọ̀nrín 6,000 lórí erékùṣù kan pọ̀ jù. Ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́ ni òṣùwọ̀n tó wà láàárín ẹranko, koríko, omi àti ilẹ̀. Bí ó ti rí fún àgbọ̀nrín lórí koríko ni ó rí fún ẹ̀gbin nínú àbàtà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún ènìyàn nínú ìlú.

IṢẸ́ TÓ KAN Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ojú omi, sí ojú ọ̀nà àti sí abẹ́ ibòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. Ó sì sọ Mẹ̀dínà di ilẹ̀ ọ̀wọ̀, tí a kò gbọdọ̀ lé ẹranko igbó rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá so àwọn ìlànà méjèèjì yìí pọ̀ yóò rí i pé omi mímọ́ àti ẹranko tí kò rí ìyọlẹ́nu wà nínú ohun tí ẹ̀sìn yìí bójú tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó wá ṣeé ṣe? Àkọ́kọ́, kí oníkálukú wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Sálángá tàbí sọ́kàwè kò gbọdọ̀ súnmọ́ kànga. 30 mítà ni ọ̀pọ̀ ìlànà ìlera ń béèrè. Ẹlòmíràn ń fi omi kànga tó wà lẹ́bàá sálángá ṣe àlùwàlá fún ogún ọdún, ó ń mu ún, ó ń fi fún ọmọ mu, inú ọmọ kò sì yéé run. Kò yẹ kí ó sọ pé àmúwá Ọlọ́hun ni kí ó tó gbé ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà.

Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ wo mọ́sáláṣí wọn. Omi àlùwàlá pọ̀, ẹ̀gbin rẹ̀ kò sì pọ̀. Dípò kí ó máa sàn bọ́ sí títì tàbí kí ó máa rọ́gún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kòtò tí kò jìn ju ìdajì mítà lọ, tí a tẹ́ ọ̀rá nípọn sí nísàlẹ̀, tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí, tí a sì gbin koríko odò sórí rẹ̀, lè gbà á. Omi tó bá jáde ní ìkángun kejì lè bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi ibòji tí yóò bo àwọn olùjọ́sìn lórí. Ti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ju báyìí lọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú táǹkì tí ohun líle yóò ti rọ̀, ó sì ń fẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú ìwòran ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nínú yín má ṣe rò pé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ ohun ọ̀gbìn tàbí ẹ̀kọ́ ẹranko jìnnà sí ẹ̀sìn. Àwọn àgbà onímímọ̀ tó dájọ́ ní ọdún 1978 kò lè dájọ́ láìsí àwọn tó mọ iṣẹ́ omi. Ìlú tí kò bá ní Mùsùlùmí tó mọ bí omi ṣe ń bàjẹ́ àti bí ó ṣe ń mọ́, ta ni ààfáà rẹ̀ yóò bi léèrè?

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá dé ipò àṣẹ lọ́la, ẹ rántí Loktak. Kì í ṣe ènìyànkénìyàn ló kọ́ dáàmù yẹn. Àwọn tó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ fún ìlú ni. Ṣùgbọ́n wọn kò bi ẹní koríko léèrè ohun tí yóò jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun rere tí a ṣe láìwo ẹ̀yìn rẹ̀ lè di gbèsè fún ẹlòmíràn, ẹni tí a jẹ ní gbèsè náà sì lè jẹ́ ẹranko tí kò lè pe ẹjọ́ ní kóòtù ayé. Ó dájú pé kóòtù mìíràn ń bẹ.

Ènìyàn kò dá omi, kò dá esùsú, kò dá àgbọ̀nrín. Àmáánà ni gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí a bá sì fún ní àmáánà, a ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo Mùsùlùmí ní òye tó ń ṣiṣẹ́, kí Ó jẹ́ kí omi wa mọ́ nígbà tí ó bá ń bọ̀ àti nígbà tí ó bá ń lọ, kí Ó má sì fi wá sínú àwọn tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí Ó ti tún un ṣe. Àmín.